Dò Tí Mo Gbé Wá láti Kétu

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́: mo ní ìgbéraga. Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mo já ọwọ́ mi gbà pé èmi fúnra mi ni màá sọdá títì. Ìgbéraga yìí ló gbé mi kúrò ní Kétu wá kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Èkó. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí níwájú gbogbo Òkè-Àfà. Síbẹ̀, bí mo ṣe jókòó tí mo ń kọ èyí, mi ò tíì jáwọ́ nínú ẹ̀. Ohun tí èmi àti ẹgbẹ́ mi ṣe ní àdúgbò yẹn ń dùn mọ́ mi títí di òní, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Kétu tí mo ń wí kì í ṣe Kétu Èkó o. Kétu gan-an ni, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé, tí a sì ń sọ Faransé nínú kíláàsì.

Ọjọ́ tí mo dé Òṣòdì, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa ló yé mi. Lọ́kàn tèmi, ilẹ̀ òkèèrè ni ibi tí èèyàn kì í ti gbọ́ èdè, tí yóò máa fi ọwọ́ júwe ohun tó fẹ́. Níbí, mo gbọ́ èébú, mo gbọ́ àdúrà, mo gbọ́ ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí fóònù. Ọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì sórí, ó ń bọ̀ wá bá mi tààrà, ó ń kígbe pé, "Ẹ yà, ẹ yà, ẹrù ń bọ̀ o!" Mo yà. Mo sì kí i kú iṣẹ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn nílé wa, mo fa ohùn mi gùn ní ìparí. Ó dúró tòun ti ẹrù lórí, ó wò mí.

"Àǹtí, níbo lẹ ti wá?"

Kò dúró gba èsì, nítorí ẹrù orí ẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi dé Ìsọlọ̀, ó sì bá mi gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ti ronú sí i gan-an láti ìgbà náà. Bí o bá jẹ́ àjèjì níbi tí wọn ò ti gbọ́ èdè ẹ, wọ́n á ṣàánú ẹ, wọ́n á rọra bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ àjèjì níbi tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí ò ń sọ, àfi bíi pé ńṣe lò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. O gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Yorùbá, kí ló wá dé tí ohùn ẹ fi rí báyìí? Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n ó gùn, kò sì sí ẹni tó ní àyè láti gbọ́ ìtàn ẹnubodè láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Mo rí iṣẹ́ ọ̀sán sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọ̀gá mi ni Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọ Oǹdó, obìnrin tí kì í ṣeré lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, òótọ́ sì ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó gbé fún mi jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni "Àwa". Mo tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà láìwo ọwọ́ mi, kí ó lè rí i pé iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni "Qzq".

Mi ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lo Faransé to lẹ́tà wọn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti Èkó. Níbi tí ìka mi mọ A sí, Q ló jókòó síbẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ eléyìí?" Àǹtí Fúnkẹ́ bi mí, ó fi bírò tọ́ ọ.

"Ẹ má bínú mà, ọwọ́ mi ló ṣì í."

"Ọwọ́ méjèèjì?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ibo gan-an ni ẹ? Ohùn ẹ yìí jọ ti àwọn Àgànyìn."

Ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti gbọ́ pé Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè, mo sì rò pé ohùn mi á bá ibẹ̀ mu. Mo ní, "Ọmọ Ṣakí ni mí, mà."

"Ẹ̀hẹn, Òkè-Ògùn!" Àǹtí Fúnkẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí ohun tó ń wá. "Ìdí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ọmọ Ṣakí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìka mi fi mọ ibi tí A wà, kò sì sí ẹni tó yá ju mi lọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní Èkó nìyẹn, mo sì fi ṣe fọ́ńté fún ẹni tó bú sẹ́rìn-ín yẹn bó ṣe wù mí. Orúkọ tí kì í ṣe tèmi sì dúró. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè bọ́ ọ sílẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè mí. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi mí. "Ṣé o jẹun? Ṣé ara ẹ le? Ọmọ ta ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè kẹta yìí ló ká a lára jù. Ní ilé wa, ẹni tí wọn ò bá mọ ọmọ tí í ṣe, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rárá. Màá ní, "Wọ́n mọ̀ mí, Màmá," màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ẹ̀pà rẹ̀. Bí ó bá ń bó ẹ̀pà, ó ní ohùn orin kan tó máa ń kùn sábẹ́ imú, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Nígbà míì kò ní mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lórí fóònù. Èmi á dákẹ́, màá máa gbọ́. Àwọn ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn nìkan ni mi ò kì í nìkan wà nínú yàrá mi.

Yàrá náà wà ní ilé Ìyá Ràṣídì ní Òkè-Àfà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, oníṣòwò aṣọ ọmọdé, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, inú ẹ̀ sì mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo wà lórí fóònù pẹ̀lú màmá mi nígbà tí Ìyá Ràṣídì ké láti àgbàlá pé, "Ọmọ Ṣakí! Ọmọ Ṣakí o! Wá ká aṣọ ẹ, òjò ti ṣú!"

Màmá mi dá kíkùn rẹ̀ dúró. "Ta ni Ọmọ Ṣakí?"

"Ẹlòmíì ni, Màmá. Ẹni tá a jọ ń gbé ni."

"Àwa méjèèjì náà la gbọ́ ọ," ni ó sọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ ká aṣọ mi kí òjò má pa á.

Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bi mí bóyá mo jẹun, ó bi mí bóyá ara mi le. Kò bi mí ní ìbéèrè kẹta. Kò sì bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò lè sọ fún yín bí ìyẹn ṣe dùn mí tó.

Ní ọdún kejì mi nílé ìwé, àwa mẹ́ta kan tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀: èmi, Dúpẹ́ tó ní ohùn tó lè gba ojú fèrèsé wọlé, àti Ṣèyí tó ń tẹ dùùrù. Èmi ni mo mú àbá náà wá. Bí èèyàn bá dúró ní ojúlé wa ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lápá ọ̀tún, yóò gbọ́ òmíràn lápá òsì, yóò sì gbọ́ àwọn obìnrin àsàlátù lẹ́yìn. Gbogbo wọn ń kọrin, kò sì sí ẹni tó ti bá aládùúgbò rẹ̀ kọ ọ́ rí. Mo ní kí a pè wọ́n jọ fún ọjọ́ kan, kí a kọ́ wọn ní orin kan ní ohùn mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ ọ́ pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Alága àwọn onílé fún wa ní gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ láìfi bò. "Sátidé kan ni mo fún yín. Bó bá dáa, ẹ máa lò ó lóṣooṣù. Bó bá di yẹ̀yẹ́, ẹ má padà wá bá mi."

Dúpẹ́ ní, "Ìwọ lo máa dúró níwájú. Ìwọ lo lẹ́nu, ìwọ náà lo sì lójú." Ṣèyí gbà. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn dáadáa. Èmi tí wọ́n bi léèrè ibi tí mo ti wá ní Òṣòdì, èmi ni mo fẹ́ dúró níwájú àwọn ará Èkó tí màá kọ́ wọn lórin. Mo fẹ́ kí ó yọrí sí rere ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ láti ìgbà tí mo ti dé.

A ṣètò bí ẹni ṣètò ìgbéyàwó. Dúpẹ́ ló máa kọ́kọ́ la ohùn àwọn tó bá wá, Ṣèyí á gbé dùùrù àti jẹnẹrétọ̀ wá. A fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àfà dé ẹnu Àjàó Estate, a ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ń wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti mẹkáníìkì. Ìyá Ràṣídì ló mú wa lọ bá ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà pé kò sí ohun tí yóò kọ àwọn lẹ́nu nínú ẹ̀. Ohùn ẹ̀pà màmá mi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí. Báyìí ni ó lọ:

Mo jí, mo kí ilẹ̀ tó gbà mí,
Mo kí afẹ́fẹ́, mo kí òòrùn.
Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi lókèèrè,
Kó dìde, kó bá mi gbè é.

Nílé ìwé, orin tí wọ́n fi àmì kọ sórí ìlà márùn-ún là ń kà. Ṣèyí ló kìlọ̀ pé kí a má gbé ìyẹn fún àwọn ará àdúgbò. "Dò-rè-mí ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dò-rè-mí ni kó o kọ fún wọn." Ó rọrùn fún mi. Àtikékeré ni Músíyọ̀, tíṣà wa ní Kétu, ti fi dò-rè-mí kọ́ wa. Mo ti ṣàkíyèsí pé ohun tí àwa ń pè ní sì, tì ni wọ́n ń pè é níbí. Mo yí gbogbo sì inú orin mi padà sí tì, mo sì gbà pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa tán síbẹ̀.

"Jẹ́ kí Dádì mi wò ó kó o tó ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀," ni Ṣèyí sọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo ní rárá. Mo ní bí àgbàlagbà bá ti fọwọ́ kàn án, á di tiẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fúnkẹ́, láìwo ọwọ́ mi, kò sì sí lẹ́tà kan tó ṣì níbẹ̀.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún débi pé a lọ yá àga sí i. Àwọn tíṣà wá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ wọn, Àǹtí Fúnkẹ́ náà wá. Ìyá Ràṣídì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú ìbòrí funfun. Bàbá Ṣèyí jókòó ní ìlà iwájú, ó mú irin kékeré ẹlẹ́nu méjì kan dání, èyí tó máa ń gbá mọ́ orúnkún rẹ̀ kó tó gbé e sétí láti fi wá ohùn. Alága dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

Dúpẹ́ la ohùn wọn. Bí bàálù bá ti ń bọ̀ wálẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, gbogbo wa á dákẹ́ títí tí yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà a ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo pín pépà. Mo rí i bí ojú àwọn àgbà akọrin ṣe tàn nígbà tí wọ́n rí dò-rè-mí. Wọ́n tẹ pépà mọ́lẹ̀, wọ́n wọ gíláàsì ojú. Bàbá Ṣèyí gbá irin rẹ̀, ó fún gbogbo ilé ní ohùn, ó ní, "Kíì F ni mo rí lórí pépà. Ó yá!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Orin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè réré. Àwọn obìnrin ń han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kejì, ohùn kan tó yẹ kó rọ̀ díẹ̀ gùn sókè, orin náà wá ń tiro. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an kò dún bí Yorùbá mọ́. Àwọn mẹkáníìkì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn aránṣọ tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo wò. Alága ti ká ọwọ́ mọ́yà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!" Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò ka ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Mo ti bá àwọn tó tó bí mi lọ́mọ wí níwájú àwọn tí wọ́n bí. Dúpẹ́ di ẹnu rẹ̀ mú. Bàbá Ṣèyí yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ohun tó wà nínú pépà gẹ́lẹ́ la kọ," ni ó sọ, kò pariwo. "Ẹ wá fi dò yín hàn wá lójú dùùrù."

Mo lọ síbi dùùrù, mo tẹ dò níbi tí ó ti máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Orin yín wá ńkọ́, níbo ló fi ṣe ilé?"

Mo tẹ ohùn tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀, tó sì parí sí. Ibòmíràn ni. Èmi náà ń gbọ́ ọ.

"Ẹ wò ó," ni Bàbá sọ. "Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí orin bá fi ṣe ilé, ibẹ̀ là ń pè ní dò. Bí orin bá kó lọ, dò á kó tẹ̀ lé e. Tiyín jókòó sójú kan. Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ilé ń wò mí. Ṣèyí rí ojú mi, ó sì fẹ́ gbà mí sílẹ̀. "Dádì, kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo kàn ní láti sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni. Màá di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà, màá ṣì jẹ́ Ọmọ Ṣakí, ìtìjú náà á sì kéré. Mo rántí màmá mi tó ní àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. Orin rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín nítorí mi.

Mo kúnlẹ̀. "Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, sà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo tún ń bá yín wí. Bí wọ́n ṣe ń kà á níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, nílé ìwé Faransé. Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mi ò dé Ṣakí rí láyé mi."

Ohùn tó kọ́kọ́ dún wá láti àárín àwọn oníbòrí funfun.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́!" Ìyá Ràṣídì dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi relé ọkọ ní Ṣakí. Ṣakí wo ni wọ́n ti ń fi Faransé sọ vwàlà? Bó bá ká aṣọ tán, vwàlà! Bó bá gbálẹ̀ tán, vwàlà! Mo ní kí n máa wò ó, ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́, á sọ ibi tó ti wá fún wa."

Gbọ̀ngàn náà fọ́ sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí kò jọ ti àkọ́kọ́. Àǹtí Fúnkẹ́ ń lu itan rẹ̀, ó ń tún un sọ pé, "Ọwọ́ méjèèjì! Abájọ!" Bàbá Ṣèyí fà mí dìde.

"Ọmọ Kétu," ni ó wí, "orin yìí dùn lábẹ́ gbogbo wàhálà yìí. Mo gbọ́ ọ. Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

Èmi ló bi. Kò gba iwájú lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ló lè gbà á. Mo nu ojú mi, mo sì ṣe ohun tí mo lè fi yangàn jù lọ láyé mi. Mo ní kí wọ́n yí pépà dojú délẹ̀. Mo ní a ó fi ẹnu kọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, lẹ́yìn náà kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ní tiwọn, kí pépà tí wọ́n máa mú relé lè jẹ́ ti gbogbo wa.

Mo kùn ún fún wọn bí màmá mi ṣe ń kùn ún. Ìlà kan, wọ́n gbà á. Ìlà kejì, wọ́n gbà á. Dúpẹ́ kó àwọn obìnrin lọ sí igun kan, ó kọ́ wọn ní ohùn òkè. Mo mú ohùn ìsàlẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì, ọ̀kan nínú wọn sì ní ohùn tó mú kí Ṣèyí yíjú padà lẹ́nu dùùrù. Bàbá Ṣèyí di ẹfun mú nídìí bọ́ọ̀dù. Bí a bá ti kọ ìlà kan, á bi gbogbo ilé pé, "Kí la pè é?" Wọn á ké ohùn kọ̀ọ̀kan jáde, dò, mí, sò, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ràṣídì, tí kò ka dò-rè-mí rí, ń bá ọ̀kan nínú àwọn tíṣà jiyàn pé là ni, kì í ṣe sò. Òun ló jàre. Mo ti ṣètò ọjọ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò sì ṣètò nǹkan tó dára tó èyí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù, mo ní kí wọ́n dìde, kí a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n mú un nílẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe yẹ. Ohùn mẹ́ta pín, wọ́n sì tún pàdé. Ní ìlà kẹta, bàálù kan dé lókè wa. Mo ti fẹ́ sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ kí a lè dúró dè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dákẹ́. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ. Ariwo bàálù bò wá mọ́lẹ̀ pátápátá, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹnu wọn ni mo ń wò. Nígbà tó kọjá, orin náà ṣì wà níbẹ̀, kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà, gbogbo wọn sì jọ parí rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì fi pamọ́.

Alága wọlé, ó jókòó nígbà náà. "Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù," ni ó sọ. "Ẹ má fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ láìgbá o."

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá mo ti di ará Èkó báyìí. Mi ò mọ̀. Mo ṣì ń fa ohùn mi gùn bí mo bá ń kíni, A sì wà ní ibi méjì nínú ìka mi. Ṣùgbọ́n mo ti yéé rò pé dandan ni kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ kí n tó lè ní ìkejì. Mo lè ka dò tiwọn báyìí, mo sì lè ka tiwa. Nílé ìwé wa, kò sí ẹlòmíràn tó mọ méjèèjì. Ẹ kúkú mọ̀ pé mo ti ń fi yangàn.

Ohun kan ló kù tí mi ò lè ṣe. Màmá mi pè mí ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àti ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Mo jẹun, ara mi le. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n láti sọ ọ́, mo ní láti kọ́kọ́ sọ pé ọmọ rẹ̀ sẹ́ ẹ fún odindi ọdún kan àti ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

Nígbà tí Sátidé kejì pé, mo jáde sí ìta gbọ̀ngàn kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo sì pè é fúnra mi. Ẹnu yà á. Ó ní ṣé kò sí nǹkan, òní kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Mo ní kò sí nǹkan. Mo dúró. Mo ń gbọ́ ẹ̀pà tó ń bọ́ sínú àwo lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, ọmọ Ṣakí ọjọ́sí yẹn..."

Mi ò tíì parí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, láìdúró dè mí, ohùn mẹ́ta, jẹ́jẹ́ láti ilẹ̀. Ẹ̀pà dákẹ́ nínú àwo. Màmá mi gbọ́ ìlà kìíní, ó gbọ́ ìkejì. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Ìyá Ràṣídì yọjú lójú fèrèsé, ó sì ké tagbáratagbára bó ṣe máa ń ṣe.

"Ọmọ Kétu! Ọmọ Kétu o! A ti ń dúró dè ẹ́!"

Mo di fóònù mú mọ́ etí. Nígbà tí màmá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Wọ́n ń pè ọ́," ni ó wí. "Lọ dá wọn lóhùn."